Omi Mímu Níbi Yoga: Kó Má Kéré, Kó Má Sì Pọ̀ Jù

Aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù. Ìyá ọmọ ti tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó ti tan fídíò yoga lórí fóònù, ó fẹ́ ṣe é fún ogójì ìṣẹ́jú kí àwọn ọmọ tó jí. Láti ìgbà tó ti jẹun alẹ́, ẹ̀kán omi kan kò tíì kan ọ̀fun rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bó ṣe nàró báyìí, òòyì kọ́ ọ, ojú rẹ̀ ṣú. Ó lè ti máa rò pé àgbà ló ń dé. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ló dín kù lára.

Yoga kò ní sísáré, kò ní fífò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé kì í gba omi lára ẹni. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì ara àgbàlagbà lọ tó jẹ́ omi, iṣan tó bá sì ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ooru wá. Òógùn ni ara fi ń lé ooru náà jáde.

Ibi tí ènìyàn ń gbé tún kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní Èkó, Port Harcourt àti Calabar, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òógùn á máa ṣàn, kò ní tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ gan-an ló ń mú ara tutù. Ní Kánò, Sókótó àti Màídúgùrì lásìkò ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Aṣọ lè gbẹ lára ẹni, kí omi sì ti lọ.

Irú yoga kan wà tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú gbóná. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bikram ní ìdúró 26, ó ń gba 90 ìṣẹ́jú, ooru yàrá náà sì máa ń tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìrí dókítà.

Báwo wá ni kí a ṣe máa mu omi náà? Nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú, omi inú ọ̀rá kan, ìyẹn 50cl, tó. Ẹni tó ń ṣe é ní ìdájí lè rọra mu ife omi kan bó bá ti jí, kó sì sinmi díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ikùn tó kún kò ṣeé lọ́, kò sì ṣeé dorí rẹ̀ kodò. Láàárín eré, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹni, kí ènìyàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, omi kò tó lára nìyẹn. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n nílé lè wọn ara rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn eré: kílò kan tó bá dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lítà omi kan.

Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lẹ́yìn eré ìje Boston Marathon ọdún 2002 ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò. Èsì tó jáde ní 2005 fi hàn pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù lára 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tó mu nǹkan púpọ̀ débi pé ìwọ̀n ara wọn lé sí i lẹ́yìn eré ló wà nínú ewu jù. Bí iyọ̀ bá dín kù bẹ́ẹ̀, ọpọlọ lè wú, ó sì lè pa ènìyàn.

Ohun tó wá léwu níbẹ̀ ni pé orí fífọ́, èébì àti òòyì lè wá láti ọ̀nà méjèèjì. Nítorí náà, kí a tó rọ omi sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí a kọ́kọ́ béèrè iye tó ti mu. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti ń dàrú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àwọn àgbàlagbà mọ́, ẹ máa rán wọn létí. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ lè fi eré rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìṣínu. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, iye tí dókítà rẹ̀ bá sọ ni kó mu.

Ní ti ìyá ọmọ, àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kó tó sùn lálẹ́, kó bu omi sínú ife, kó dé e, kó gbé e sí ibi tó ń tẹ́ ẹní sí.