“Kí Ni Kí N Kà Tẹ̀lé E?”: Ìwé Tí Mo Yàn fún Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ L'Ẹ́gbẹ́dá

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ bá mi dá a.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta ẹ̀lùbọ́ l'Ẹ́gbẹ́dá, nítòsí títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, torí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, àmàlà ti tán fún mi nílé rẹ̀ nìyẹn. Ìyá yìí kò rí ilé ìwé lọ nígbà tó wà lọ́mọdé, oko ni wọ́n ń mú un lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí a, b, d, ó bọ́ sórí Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Bó bá ka ìwé kan tán, á bọ́ sí òmíràn. Lọ́jọ́ tó kà á dé òpin, ó ro àmàlà, ó pe gbogbo wa jẹun. Ó wá kọjú sí mi, ó ní:

“Akọ̀wé, ìwọ lò ń kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn. Kí ni kí n kà tẹ̀lé e?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú!

ÌWÉ DI OHUN TÍ A FI Ń TI TÁBÌLÌ

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwó Road, mo tún wọ òmíràn dé Dùgbẹ̀, mo ra Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Èwo ló tún kù? Ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde lọ́dún 1938, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Mo gbé e fún Ìyá, mo ní ẹni tí kò bá ka ìyẹn, kò tíì kàwé Yorùbá. Ẹ ò rí ìyànjú!

Oṣù kan kọjá. Bí mo bá béèrè, Ìyá á ní ojú ń dun òun. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ní ọjà ò jẹ́ kóun ráyè. Oṣù kẹta ni mo rí ìwé náà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìpàtẹ rẹ̀. Wọ́n fi ti tábìlì kó má baà máa mì, ẹ̀lùbọ́ sì ti bò ó. Mo fà á yọ wò. Ojú ìwé kẹta ni Ìyá ti ṣẹ́ ewé rẹ̀ sí.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé Ìyá ò ka nǹkan kan mọ́ rárá. Pátákó ẹ̀gbẹ́ títì tó máa ń kà sókè fún àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, kò wojú rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, mo rò pé mo ti mọ̀wé ni. Ìwé tó o gbé wá yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n ò mọ nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi tí mo ní mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un, èmi náà ni mo tì í mọ́ ọn lójú.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ Ìyá, ló gbà wá sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìwọ lo fẹ́ràn Fágúnwà. Ṣé o bi ìyá rẹ léèrè ohun tí òun fẹ́? Ẹni tó fẹ́ bu ọbẹ̀ fún àlejò, ṣé kò ní í kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń jẹ ata ni?”

Bàbá yíjú sí Ìyá, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Irú ìtàn wo lẹ máa ń gbọ́ tẹ́ ẹ kì í fẹ́ kó tán? Ìgbà wo lẹ máa ń ráyè? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á, àbí ẹ̀yin pẹ̀lú àwọn ọmọ?

Ìyá ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilé ọkọ lòun fẹ́; pé bí oníbàárà kan bá lọ tí èkejì ò tíì dé lòun máa ń ráyè; pé òun nìkan ni.

Bàbá ní kí n lọ wá Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde lọ́dún 1974. Ni Ìyá bá pariwo: “Ṣé èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù?” Òun náà ni. Túndé Kèlání ló ṣe fíìmù rẹ̀ lọ́dún 1997, Ìyá sì ti wò ó. Èmi rò pé èyí á ba adùn ìwé náà jẹ́. Rárá o! Nítorí pé ó mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ọ̀rọ̀ tó le kò dẹ́rù bà á. Bó bá kọsẹ̀ lórí ọ̀kan, á fò ó, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn Àjàní, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń wá ìyàwó, tí ọ̀rọ̀ wá di ti Àṣàkẹ́, ti Lọlá, ti Ṣadé.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ìyá fi kà á tán. Lọ́jọ́ kejìlá, mo kí i, kò dá mi lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin, bákan náà ni gbogbo yín!” Àwọn oníbàárà bá dá sí i. Ọ̀kan ń gbèjà Àjàní, èkejì ń gbèjà Lọlá. Wọ́n gbàgbé ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n wá rà.

KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ka ayé tó jẹ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin àti àìsàn tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1930, ó di odindi ìwé. Ohun tí wọ́n bá ń jiyàn lé lórí lọ́sẹ̀ yìí ló ń mú kí wọ́n fẹ́ ka tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìsọ̀ Ìyá. Ìwé ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Télọ̀ ìsọ̀ kejì fẹ́ ìtàn ọ̀daràn, a fún un ní Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969, níbi tí Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ti ń dọdẹ àwọn olè. Aṣọ oníbàárà pẹ́ kó tó jáde lọ́sẹ̀ náà! Ó ti wá ń béèrè Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀lé e lọ́dún 1971. Ọlọ́kadà kan tí kì í fẹ́ ìrẹ́jẹ gba Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, ìtàn àwọn tó kọ̀ láti máa sìn bí ẹrú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló gba Ogún Ọmọdé, ìwé Ìṣọ̀lá mìíràn, tó jáde lọ́dún 1990.

ÌYÁ FÚNRA RẸ̀ BÉÈRÈ

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ìyá pè mí. Ó ní, “Bá mi fa ìwé ọdẹ yẹn yọ lábẹ́ tábìlì.”

Bàbá tíṣà ló ti là á lóye. Wọ́n ní nínú ìwé náà, Àkàrà-ògùn ló ń sọ ìtàn lẹ́nu, tí òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń pé jọ láti gbọ́. Ìwé etí ni, kì í ṣe ìwé ojú nìkan. Èmi tí mo kà á nílé ìwé girama nítorí ìdánwò, n kò kíyè sí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ní báyìí, bí Ìyá bá ti kó ọjà wọlé lálẹ́, á pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó, á máa kà á sókè. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu, àgbà inú àwọn ọmọ á gbà á. Wọ́n ti kọjá ojú ìwé kẹta. Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ti dé ojú ìwé kejìdínlógún.

Ẹ̀bi mi ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kì í ṣe ìwé náà ló burú, kì í sì í ṣe Ìyá ni kò gbọ́n. Èmi ni mo yan ìwé láìwo ojú ẹni tí mo yàn án fún.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ̀wé sí wa. Ìwé wo lẹ kà gbẹ̀yìn tẹ́ ẹ fẹ́ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ta lẹ sì fẹ́ fún? Màá ka lẹ́tà yín fún Ìyá. Rárá, Ìyá á kà á fúnra rẹ̀.

Tábìlì ńkọ́? A ti wá òkúta tì í.