Ọwọ́ Tó Kọ́ Ilé Ìjọsìn Nílẹ̀ Yorùbá

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun fara ti ara wọn débi pé àlejò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kó má fura. Ìlobùú ló ni òrìṣà Erinlẹ̀. Ìfọ́n ló ni Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló kún inú ìlú méjèèjì báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ìjọsìn Kristẹni ṣe fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò gbọdọ̀ fo àwọn òrìṣà wọ̀nyí dá. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń kó èèyàn tà lẹ́rú, Erinlẹ̀ bá àwọn tí wọ́n kó dé Kúbà, Inle ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní. Olúfọ́n dé Bahia ní Bràsíìlì, ó di Oxalufã. Bahia yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà, lórí ilé olówó àti lórí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Pọtogí ń kọ́.

Àwọn tó gba òmìnira nínú wọn padà wálé. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Nígbà tí Fádà Borghero ti Whydah wá sí Èkó ní 1863, ó bá àwọn Kátólíìkì níbẹ̀ tí wọn ò tí ì ní fádà kankan. Ẹrú kan tó ti gba òmìnira, Pa Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Nígbà tó tó àkókò láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì gidi, ní nǹkan bí 1880, wọn ò ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ láti Yúróòpù. Àwọn Àgùdà bíi Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ Holy Cross. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn Àgùdà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò mọ sí ẹ̀sìn kan. João Baptista da Costa, Àgùdà bíi tiwọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Pọ́tò-Nóvò ní Bẹ̀nẹ̀: bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia kan ni wọ́n gbé wá síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ilé ìjọsìn gbà dé ọ̀dọ̀ wa gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1140, Suger, olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Saint-Denis lẹ́bàá Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ilẹ̀ tó tutù ni tiwọn, oòrùn kì í pẹ́ níbẹ̀, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sì ki, fèrèsé wọn kéré. Àwọn oníṣẹ́ Suger ṣe ẹnu ọ̀nà àti òrùlé tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, kí ẹrù òrùlé lè gba orí òpó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi apá òkúta ti ògiri láti ìta, wọ́n sì fi gíláàsì aláwọ̀ dí gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ Notre-Dame, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1163, tí iná jó òrùlé rẹ̀ ní 2019. Irú ilé yìí ti di ohun àtijọ́ kí àwọn ayàwòrán ilé Gẹ̀ẹ́sì bíi Pugin tó tún gbé e dìde láàárín 1830 sí 1850, tí wọ́n ní òun nìkan ló yẹ ilé Ọlọ́run. Àsìkò yẹn gan-an ni míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì Henry Townsend fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ní 1846.

Amọ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì fi kọ́kọ́ kọ́lé ní àwọn ìlú òkè. David àti Anna Hinderer dé Ìbàdàn ní 1853, Bowen sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ìlobùú, ní 1855. Bí owó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń wó ilé amọ̀, tí wọ́n ń fi fèrèsé ṣóńṣó àti ilé agogo rọ́pò rẹ̀. Ní Èkó, Ọmọọba Wales ló fi òkúta ìpìlẹ̀ Christ Church tó wà ní Marina lélẹ̀ ní 1925. Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀, kò sì parí títí di 1946. Ilé tó lẹ́wà ni, mi ò bá a jà. Ohun tó dùn mí ni pé ní 1934 àwọn Kátólíìkì náà bẹ̀rẹ̀ Holy Cross tuntun, alóríṣóńṣó bíi ti Faransé, sí ipò iṣẹ́ àwọn Àgùdà. Fèrèsé tí wọ́n ṣe torí àìsí oòrùn ni a kó wá sí ilẹ̀ tí oòrùn ti ń dá àágùn síni lára láàárín ìwàásù.

Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe Bándélé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gilére tó lókìkí jù ní Ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ ìdílé agbẹ́gilére, Mùsùlùmí. Fádà Carroll ò ní kó yí ẹ̀sìn padà. Ó ní kó lọ jókòó ti Bándélé, kó tún iṣẹ́ kọ́. Ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde: ère àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù ọmọ tuntun, tí wọ́n dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba aládé, tí ojú wọn tóbi tó sì yọ síta bí ojú ère ìbejì, tí aṣọ òfì sì wà lára wọn. Àwọn ahunṣọ àti àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú wà nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ìjọ ló gbà á. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sun òrìṣà níná kó tó di Kristẹni kò lè tètè gbà kí irú ojú bẹ́ẹ̀ tún máa wò ó láti ẹ̀bá pẹpẹ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ní 1954 ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí Fákẹ́yẹ gbẹ́ sí ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti fi hàn pé iṣẹ́ náà kò kú. Òun náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì, 2009, ni ó jáde láyé.

Ìbàdàn kan náà ni Demas Nwoko ti ṣe èyí tí mo gbà pé ó ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ Ìdumùjẹ-Ùgbókò ni, ayàwòrán tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìtàgé nígbà náà; kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìkọ́lé. Àwọn fádà Dominican ní kó kọ́ ilé ìjọsìn fún àwọn, ó sì fi ọdún 1970 sí 1975 ṣe é. Ilẹ̀ pupa ló gbẹ́, ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ṣe bíríkì. Ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ó ki, ó ń gba ooru sára kó má bàa wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kì í ya wọlé láti ẹ̀gbẹ́ bíi ti Saint-Denis. Òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí pẹpẹ. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún Nwoko ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Ní báyìí, búlọ́ọ̀kù àti páànù gbọọrọ ni ìjọ tó bá rówó ń sáré sí, ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ tí àwọn bàbá kọ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wó. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tó wà ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n lè wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lọ fọwọ́ kan ògiri Nwoko kí wọ́n tó san owó àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń ya àwòrán. Ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé wọn, Ìlá-Ọ̀ràngún tí Fákẹ́yẹ ti wá náà sì wà nínú ìpínlẹ̀ wọn.