Iná Tí Kò Ní Ihò Èéfín

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilé, wọ́n bá ààrò kan lára ògiri pálọ̀: igi tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí iná gáàsì ń jó láàárín rẹ̀, ó wuyì lójú. Ó ní, "Prof, a wá ihò tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde títí, a ò rí i. Àbí wọ́n gbàgbé ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbàgbé. "Vent-free" ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí iná náà bá tú jáde, inú pálọ̀ yẹn ló ń tú u sí.

N kò tíì rí irú ẹ̀rọ ìmúlégbóná bẹ́ẹ̀ ní Ìlobù níbí. Àmọ́ iná tí kò ní ihò èéfín, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣebí ìkòkò èédú ni wọ́n ń gbé sí yàrá ìyá ọlọ́mọ tuntun lásìkò ọyẹ́. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe wọ́n ní nǹkan? Ẹ wo bí ilé ìgbà yẹn ṣe rí. Àlàfo tó gba ọwọ́ wà láàárín ògiri alámọ̀ àti páànù, fèrèsé jẹ́ pákó tí kì í pa dé tán, ilẹ̀kùn náà ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ilé ń mí. Ilé tí à ń kọ́ báyìí, búlọ́ọ̀kù ni, fèrèsé onígíláàsì tó ń yọ́ wọnú ara wọn, sílìn tó dí gbogbo òkè pa. Bí òtútù bá tún mú, a óò wá ki àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ojú mi ti rí i. Nínú ọyẹ́ kan báyìí, òtútù mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá kí wa, ni mo bá ní kí wọ́n gbé ìkòkò èédú wọlé, a ti fèrèsé pa. Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibà ni, a ní ká lọ ra oògùn. Ìgbà tí mo jáde lọ pàdé àlejò ní àgbàlá, tí orí mi fúyẹ́, ni iyè mi tó sọ. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yín ní kẹ́místrì! Ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ iná náà. Ká mú propane, ọ̀kan lára gáàsì tó ń wà nínú síláǹdà. Bí kílò kan rẹ̀ bá jó dáadáa, ó máa gba ọ́síjìn tó ju kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́ yàrá, ó sì máa tú kílò mẹ́ta kábọ̀n dàióksáìdì àti omi tó ju kílò kan ààbọ̀ lọ síbẹ̀. Omi yẹn ló ń làágùn lára gíláàsì fèrèsé. Tó bá pẹ́, igun ògiri á dúdú, á máa rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Ìyẹn nígbà tó bá jó dáadáa o. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, tàbí tí ahọ́n iná bá ń gbá ohun tó tutù, kábọ̀n mọ́nọ́sáìdì ni yóò máa yọ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí ẹ mọ̀ mọ́ gáàsì, ṣe ni wọ́n pò ó mọ́ ọn ká lè mọ̀ bó bá ń jò. Bí gáàsì bá ti jó, òórùn náà ti bá a lọ. Kábọ̀n mọ́nọ́sáìdì yìí máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná tí ojú rí ni wọ́n ń bá wí. Èyí wà ní àyè rẹ̀, kò jó ẹnikẹ́ni, ó sì lè pa gbogbo ilé.

Bí wọ́n ṣe ń tàn án nìyí. Ẹ yí nọ́ọ̀bù sí PILOT, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ sì tẹ ibi tó ń ṣáná. Bí iná kékeré bá ti ràn, ẹ má tíì yọwọ́, ẹ dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Irin tín-ínrín kan wà nínú iná kékeré yẹn: bó bá gbóná, ojú ọ̀nà gáàsì á wà ní ṣíṣí, bó bá tutù, á tì. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí i sí ON. Bí iná bá kú, ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tún ṣáná. Bí ẹ bá wá ń gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣáná rárá, ẹ má fọwọ́ kan switch iná mànàmáná, ẹ kó ara yín jáde kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbóòórùn kí ẹ tó tàn án.

Ẹ ka iye BTU tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlànà wọn níbẹ̀ ni pé 1,000 BTU fún wákàtí kan ń fẹ́ àyè 50, tí a bá fi gígùn, ìbú àti gíga yàrá sọ ara wọn di púpọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà. Èyí tó jẹ́ 30,000 ń fẹ́ 1,500. Yàrá ẹsẹ̀ 15 sí 13, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 8, fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí yàrá bá kéré sí i, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sí yàrá kejì. Bó ti wù kó tóbi tó, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ọmọ mi ní òtútù á wọlé. Mo ní kó wọlé. Ẹ̀rọ yìí wà fún ìrànwọ́ wákàtí díẹ̀ lásán, kì í ṣe ohun tí ẹ máa tàn sùn. Ní California, òfin ò tilẹ̀ gbà á láàyè nínú ilé.

Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé ó ní ẹ̀ṣọ́. Òótọ́ ni. Bí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀ láti 21 nínú 100 sí nǹkan bíi 18, iná kékeré á gbéra kúrò lára irin yẹn, gáàsì á sì tì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọ́síjìn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ náà ń wò. Ọ́síjìn lè pọ̀ rẹpẹtẹ nínú yàrá kí kábọ̀n mọ́nọ́sáìdì máa yọ, bí igi amọ̀ kan bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tí iná ń gbá a.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú fi ṣe pàtàkì. Bí ìwé rẹ̀ ṣe ní kí ẹ to igi amọ̀ ni kí ẹ tò ó, ẹ má fi èyí tí ẹ rà níbòmíràn kún un, ẹ má sì ju bébà sínú rẹ̀. Bó bá ti tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku, irun ajá àti òwú aláǹtakùn kúrò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Òwú aláǹtakùn kékeré ti tó láti ba iná jẹ́. Ẹ pe oníṣẹ́ gáàsì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ti àwọ̀ iná, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ta kókó díẹ̀. Iná sítóòfù gáàsì wa gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù, iná kékeré ẹ̀rọ yìí náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ńlá tó ń jó láàárín igi amọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ kó lè jọ iná igi. Nítorí náà èédú dúdú ni kí ẹ máa wò. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ igi amọ̀ tàbí ògiri, ẹ pa á.

Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí ara wọn sì ń balẹ̀ bí wọ́n bá bọ́ síta, kì í ṣe ibà, kì í ṣe ayé. Ẹ gbé wọn síta, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn. Epo pupa àti mílíìkì ò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò sí nínú ikùn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Pẹ̀lú ọ́síjìn ilé ìwòsàn, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ̀rọ tó ń ké bí kábọ̀n mọ́nọ́sáìdì bá wà nínú ilé kò wọ́n ní Amẹ́ríkà. Mo ní kó ra méjì, kó fi ọ̀kan sí pálọ̀, kó fi èkejì sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, kó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, kó sì wo ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó ra ẹ̀kẹta, kó fi ránṣẹ́ sí mi ní Ìlobù kí ọyẹ́ tó dé.