Ẹni Tí Ó Ti Pẹ́ Lórí Àga, Báwo Ni Yóò Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Rìn?

Ní oṣù tí ó kọjá, ìyá kan tí ń tajà wá sí ilé ìwòsàn wa ní Òrò-Àgọ́. Ó ní bí òun bá gun òkè díẹ̀, àyà òun a máa lù kì-kì-kì. Láti àárọ̀ di alẹ́, orí àga ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà ní í gbé e lọ, òun náà ní í gbé e bọ̀. Nígbà tí mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ga. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ní kí ó máa rìn. Ìyá bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n máa sáré bí ọmọ ilé ìwé ni?” Mo ní, “Rárá o, màmá. Ẹ rọra.”

Àwọn òbí wa kò nílò irú ìmọ̀ràn yìí, nítorí wọ́n ń rìn lọ sí oko, wọ́n sì ń pọn omi. Àwa ni ìjókòó ti di bárakú fún. Ní ọdún 1953, Dókítà Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ a máa jókòó. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn láti gba owó. Àrùn ọkàn pọ̀ láàrin àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ìjókòó nìkan kọ́ ní í fa àrùn náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí láti ìgbà náà ti fi hàn pé ìrìn ń ran ọkàn lọ́wọ́.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ní ọjọ́ 5, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, yóò di ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, èyí tí í ṣe 150 láàrin ọ̀sẹ̀, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe dín kù sí.

Ẹ rìn bí ẹni tí ọjà ń pè. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ yára díẹ̀ sí i. Bí ẹ kò bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí kò fún yín lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn, àti aláboyún, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí àyà bá ń fún yín, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì tìtorí ìrìn pa oògùn yín tì.

Ìyá wa ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta báyìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.