Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n: Ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò wò kó tó ra tirẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kò mọ sórí aṣọ àti bàtà nìkan. Bàbá tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, ẹni tó ń lọ síbi òkú àgbà ní ìlú àna rẹ̀, alálàájì tó ń múra Mẹ́kà, àti ẹni tó fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló máa ń rántí di aṣọ, oògùn àti ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n sílé. Tó bá wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọn á ní kí onílé yá àwọn ní tirẹ̀.

Láyé òde òní, ẹni tí kò mọ̀ pé réésà kò ṣeé yá kò pọ̀ mọ́. Ìpolongo lórí àrùn éèdì ti jẹ́ kó yé tọmọdé tàgbà. Àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń pa ọṣẹ sí àgbọ̀n ńkọ́? Àwọn èèyàn ṣì ń yá ara wọn, bí ẹni pé irun lásán ni. Bẹ́ẹ̀, ara ibi tí abẹ ti ń gé èèyàn ni wọ́n ń fi í pa, omi sì máa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni méjì ń lò pọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó máa ń rìnrìn àjò ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, èyí tó kéré, tó sì tètè ń gbẹ.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹlòmíràn lè rò pé oge lásán ni búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n, pé ọwọ́ lásán náà lè pa ọṣẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ lè ṣe é lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe é dáadáa tó. Tí wọ́n bá ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí wọ́n sì fi po ọṣẹ títí tó fi hó, iṣẹ́ mẹ́ta ló máa ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí irun rọ̀, ó ń gbé irun tó sùn mọ́ ara dìde, ó sì ń fi ìhó ọṣẹ sí àárín abẹ àti awọ kí abẹ má baà họ èèyàn lára.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ, nítorí irun aláwọ̀ dúdú máa ń ká. Tí wọ́n bá fá a mọ́lẹ̀ jù, ẹnu irun tó ti mú bí abẹ́rẹ́ á padà wọnú awọ. Ibẹ̀ á wú, á di kókó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ń yúnni, tó sì ń dunni. Pseudofolliculitis barbae ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní bumps. Búrọ́ọ̀ṣì nìkan kò lè wò ó sàn. Àmọ́ tí èèyàn bá ń lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tó hó dáadáa, tó sì ń fá irun lọ síbi tó dorí kọ, tí kì í fá a lódìlódì, yóò dín kù. Ẹni tí tirẹ̀ bá le púpọ̀, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń gbà á nímọ̀ràn ni pé kó dá irùngbọ̀n sí.

Àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ojú ọgbẹ́ wọn kì í tètè jiná. Ohun tí ẹlòmíràn máa pè ní ọgbẹ́ kékeré lè di wàhálà sí wọn lára lọ́nà àjò.

Búrọ́ọ̀ṣì tó dá àrùn sílẹ̀

Ẹni tó bá rò pé búrọ́ọ̀ṣì kò lè pa èèyàn, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Wọ́n ní dandan ni kí àwọn ọmọ ogun fá irùngbọ̀n wọn, nítorí ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà afẹ́fẹ́ olóró kì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí irun bá wà níbẹ̀. Báyìí ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe di ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì.

Irun ẹranko kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní badger ni wọ́n kà sí èyí tó dára jù fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà tí irun yìí ń gbà wọlé, àwọn tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lo irun ẹṣin tó ń wá láti ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n sì ń ṣe é kó lè jọ irun badger. Kò sí àyè láti fọ irun náà bó ṣe yẹ kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Inú irun yìí ni kòkòrò àrùn anthrax fara pa mọ́ sí.

Àrùn ẹran ọ̀sìn ni anthrax, ó máa ń mú màlúù, àgùntàn àti ẹṣin, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú irun àti awọ ẹran tó ti kú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí abẹ bá ti gé ẹni tó ń fá irùngbọ̀n, ojú ibẹ̀ ni kòkòrò náà ń gbà wọlé. Egbò dúdú á yọ sí ojú tàbí ọrùn, ara á sì wú. Láàárín 1915 sí 1924, àwọn tó kó o nípasẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì lé ní igba èèyàn, ọmọ ogun àti ará ìlú, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ní 1920, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tó ń wá láti Japan.

Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń fọ irun ẹranko dáadáa kí wọ́n tó lò ó, nítorí náà kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àrùn náà kò tíì tán láyé. Ní oṣù July 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé ó mú àwọn ẹran ọ̀sìn kan ní ìpínlẹ̀ Niger. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí èèyàn má ṣe ra búrọ́ọ̀ṣì àlòkù, kó má sì ra èyí tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, tí òórùn ẹran sì ń jáde lára irun rẹ̀.

Irú irun mẹ́rin

Irú irun mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n. Èkíní ni irun badger. Ó rọ̀, ó sì máa ń gba omi púpọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga, kì í sì í tètè gbẹ. Èkejì ni irun ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó dínwó, tó sì wọ́pọ̀ lọ́jà. Ó máa ń le nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣeé lò. Bí wọ́n bá ṣe ń lò ó ló máa ń rọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ni irun ẹṣin, tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀kẹrin ni irun àtọwọ́dá, tí wọ́n fi irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti ike ṣe.

Fún ẹni tó wà nílé, èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè wúlò. Fún arìnrìn-àjò, irun àtọwọ́dá ló ta gbogbo wọn yọ. Kò nílò kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi pẹ́, ọṣẹ díẹ̀ ló ń lò kó tó hó, omi kì í sì í wọnú irun rẹ̀ lọ bíi ti ẹranko. Tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n dáadáa, kò ní pẹ́ tó fi máa gbẹ. Ẹni tó fá irùngbọ̀n ní ìdájí, tó sì fẹ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀, mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

Àwọn Mùsùlùmí tún ní ìdí mìíràn láti wo irun náà dáadáa kí wọ́n tó sanwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ kí ohunkóhun tó jẹ mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kan ara wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í sì í hàn lára búrọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi boar tàbí pure bristle lára páálí rẹ̀, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n bá kọ synthetic tàbí nylon sí lára kò ní irun ẹranko nínú. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kà, kó ní kí ọmọ kan bá òun kà á kó tó rà á.

Bó ṣe yẹ kó kéré tó

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò nílé sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Ti ìrìn àjò kò yẹ kó ju 8 tàbí 9 lọ, èyí tó fẹ́ẹ̀ tó gígùn ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà. Ibi tí irun ti wọnú èèkù, kí ó fẹ̀ tó mìlímítà 18 sí 20. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè gbé ọṣẹ tó máa tó gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, olúwa rẹ̀ á sì máa tún un pò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí èèkù rẹ̀ kúrú lásán. Ìkejì ni èyí tó ní ihò nínú èèkù: wọ́n á tú orí rẹ̀, wọ́n á yí irun rẹ̀ sínú èèkù náà, wọ́n á sì lọ́ ọ pa. Ìkẹta ni èyí tó ní ike tirẹ̀ tí wọ́n ń kì í bọ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí ẹni tó ń rà á rí i dájú pé ihò wà lára ibi tí irun náà ń wọ̀ sí, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ibi tó pa dé pátápátá ló ń jẹ́ kí irun bu, kó sì máa rùn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó púpọ̀, kó ra búrọ́ọ̀ṣì kúkúrú lásán, kó wá ike oògùn tó ti tán, kó fọ̀ ọ́ mọ́, kó fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdérí àti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

Kí wọ́n tó sanwó lọ́jà, kí wọ́n fi ìka ya irun náà, kí wọ́n sì rọra fà á. Irun kan tàbí méjì lè já lára tuntun, àmọ́ tó bá ń já ní ìdì, àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò dára. Kí wọ́n tún fi ẹnu irun náà pa ẹ̀yìn ọwọ́. Bó bá gún wọn níbẹ̀, yóò gún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọrùn.

Ìtọ́jú lójú ọ̀nà

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán, kí wọ́n fi omi ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán ní ìdí irun, nítorí ọṣẹ tó bá gbẹ síbẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi aṣọ ìnura mímọ́ nù ún, kí wọ́n sì jẹ́ kó fẹ́ afẹ́fẹ́. Kí wọ́n má yá a níná, kí wọ́n má sì sè é nínú omi tó ń hó, nítorí irun àti àtè rẹ̀ á bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gbéra tí kò tíì gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n sì tú u síta ní kété tí wọ́n bá débẹ̀.

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lè gbé búrọ́ọ̀ṣì sínú báàgì ọwọ́ láìsí wàhálà. Bíléèdì nìkan ni wọn kì í gbà láàyè níbẹ̀, inú ẹrù ńlá ni kó wà. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú ni kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbé ìpara tí ike rẹ̀ ju mìlílítà 100 lọ wọlé. Ọṣẹ tó le gbagidi kò sí lára ìyẹn, kò sì lè dà sára aṣọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn alálàájì

Láti ìgbà tí alálàájì bá ti wọ ihram, kò gbọ́dọ̀ fá irun. Ọjọ́ ọdún iléyá ló ń fá orí rẹ̀ tàbí kó gé e mọ́lẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń wá onígbàjámọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba Saudi Arabia ní kí àwọn onígbàjámọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì máa lo abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ ṣì máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á fi abẹ kan fá orí ọ̀pọ̀ èèyàn. Kòkòrò àrùn hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn. Kò ṣòro kí ẹ̀jẹ̀ orí ẹnì kan ti ara abẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì dé orí ẹlòmíràn.

Kí alálàájì lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó rí i pé abẹ tuntun ni wọ́n tú, kó sì fa búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ yọ. Onígbàjámọ̀ tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i. Bákan náà ni fún ẹni tó lọ sóde òkú tàbí ìgbéyàwó nílé: bí onílé bá ní kí àlejò lo tòun, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì lo èyí tó mú wá.