Fọ́tò Agbára, láti Òkè Ọlọ́sunta dé Ìdí Ẹ̀rọ Gàrí

Bí a bá yẹ ìwé tí a ń lẹ fọ́tò mọ́ nínú ilé wa wò, tàbí tí a bá ṣí fóònù wa, ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti aṣọ ẹbí ni yóò kún ibẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti ní gbogbo ìhà gúúsù Èkìtì, ǹjẹ́ ẹ ti ronú rí láti ya fọ́tò agbára? Agbára kì í jókòó fún ayafọ́tò. Ohun tí ó bá ṣe ni a fi ń mọ̀ ọ́n: a kò lè ya ìjì, ṣùgbọ́n a lè ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ara òkúta bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ Ìkẹ́rẹ́ ni ó ń rí Ọlọ́sunta àti Orólè, tí wọ́n ga ju ilé gbogbo lọ. Bí ẹ bá yà wọ́n ní ọ̀sán gangan, wọn yóò dà bí ògiri tí a rẹ́ lásán. Ẹ jáde ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Gbogbo ìlà àti kòtò ara òkúta náà yóò sì hàn. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn kan tàbí òrùlé kan wà nínú fọ́tò náà, nítorí bí kò bá sí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ńlá, ta ni yóò mọ̀ pé ó tóbi?

Obìnrin bí tiwa mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Margaret Bourke-White, ará Amẹ́ríkà, ni ó ya fọ́tò ìsédò Fort Peck tí ó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Life nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1936. Ògiri kọnkéré ràgàjì ni ẹ óò rí níbẹ̀, pẹ̀lú ènìyàn méjì péré nísàlẹ̀, tí wọ́n dà bí èèrà. Kí ó tó di ìgbà náà, ó ti wọ ilé iṣẹ́ irin ní Cleveland, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń da irin yíyọ́. Fíìmù ayé ìgbà náà kò lè gba ìmọ́lẹ̀ pupa irin náà, nítorí náà ni ó ṣe ní kí wọ́n tan iná magnesium tí ó funfun yòò sí i kí àwòrán tó yọ.

Ní ti mànàmáná ojú ọ̀run, ẹ má ṣe jáde lọ bá a. Láti inú yàrá ni kí ẹ ti yà á, lẹ́yìn fèrèsé tí a tì. Ẹ gbé fóònù lé orí tábìlì, kí ẹ gba fídíò, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ibi tí ó ti kọ nínú rẹ̀. Bí ó bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ààrá yóò fi sán: mẹ́ta mẹ́ta dúró fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, ó ti sún mọ́ ilé yín jù. Ẹ pe àwọn ọmọ wọlé.

Ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbágùúdá ni ó wù mí jù. Àwọn ìyá wa a máa rin ín lórí páànù tí a fi ìṣó lu, awọ ìka wọn a sì máa bá a lọ. Ẹ̀rọ ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin ṣì ni ó ń bó èèpo, òun náà ni ó ń yan gàrí nídìí iná. Bí ẹ bá ya ẹ̀rọ náà nínú oòrùn, bẹ́líìtì rẹ̀ lè dúró gbagidi nínú fọ́tò, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti kú. Ní abẹ́ ibòji, kí fóònù má sì mì, bẹ́líìtì yóò di òjìji, obìnrin tí ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì hàn kedere. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yà á. Ẹ ká etí ìró àti gèlè yín, ẹ má sì pọn ọmọ sún mọ́ bẹ́líìtì nítorí fọ́tò. Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí ooru àti èéfín lè hàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé agbára obìnrin kò ṣeé fi ṣe àwòrán, ẹ tọ́ka sí Ọlọ́wẹ̀ fún un. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí i, Ìsẹ̀ ni ó gbé, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Nínú ọ̀kan, tí ó ga tó nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀, ọba jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀. Olorì àgbà ni ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́, nítorí òun ni ó ń fi adé lé ọba lórí. Òpó yìí wà ní Chicago báyìí. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin náà lọ sí àfihàn Wembley ní ọdún 1924. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó sì wà ní British Museum di òní. Ní ọdún 1959, William Fagg ya fọ́tò àwọn òpó kan nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé òrùlé ààfin dúró. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti rí ní àyè wọn, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni yóò wò.

Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù tí omi lè wọ̀. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó dára jù lọ sí ọ̀dọ̀ ayafọ́tò kí ó tẹ̀ wọ́n jáde. Kí ẹ fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn wọn: ọjọ́, ìlú, irú ẹ̀rọ tàbí òkè tí ó jẹ́, àti orúkọ obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.