Bí Ìtàn Àròsọ Ṣe Ń Mú Òǹkàwé Lọ́kàn

Ìtàn àròsọ, ìyẹn ìtàn tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú hun, kì í mú òǹkàwé lọ́kàn lọ́nà kan náà. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, ó kọ ọ́ bí ìgbà tí obìnrin aláìsàn kan bá ń fi lẹ́tà jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì ń dárúkọ àdúgbò tí ará Èkó mọ̀ dáadáa, débi pé àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé tó dáńtọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 kò jẹ́ wá Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, lọ sí ìgboro; ìyanu àti ẹ̀rù ló ń bá a gbé. Ní ti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, èyí tó dá lórí ìwádìí ọ̀ràn, irú èyí tí Kọ́lá Akínlàdé kọ, òǹkàwé fúnra rẹ̀ a di olùwádìí, a sì máa fura sí tẹrú-tọmọ.